Irin Tó Gbàgbé Òòfà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ iná, kí ẹni tó ń tòògbé lọ bọ́jú. Arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìyanu tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, a ò ní rìn kọjá ilé alágbẹ̀dẹ ká tó rí i.

Gbogbo yín lẹ mọ òòfà. Bó bá ti súnmọ́ ìṣó, ìṣó a fò mọ́ ọn. Ó dáa. Ẹ fi ẹmú mú ìṣó kan, ẹ tì í bọ àárín ẹyín iná, kí ọmọ tó ń fẹ ẹwìrì má dáwọ́ dúró. Ìṣó a gbóná, a pọ́n, a wá pọ́n yòò. Ní àkókò yẹn, ẹ na òòfà sí i: kò ní mira. Òòfà ń pè, irin ò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ irin náà kò yọ́, kò fọ́, kò sì dín. Ẹ wá gbé e kúrò nínú iná, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Bí pípọ́n rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀, kó tó dúdú tán, ìṣó a ta lójijì, a lẹ̀ mọ́ òòfà pinpin. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, irin tó ti dúdú ṣì lè bó ọmọ lọ́wọ́.

William Gilbert, oníṣègùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1600 pé iná ń gba agbára òòfà lára irin. Ṣùgbọ́n Pierre Curie ní ìlú Paris ló jókòó tì í, tó fi ìwọ̀n tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì gbé iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1895, ọdún kan náà tó gbé Marie níyàwó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ibi tí irin ti ń gbàgbé òòfà: ojú-ìwọ̀n Curie. Ti irin wà ní dígírì Celsius 770. Ti kóbáltì kọjá 1,100.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká máa fún irin ní iná ní ìwọ̀n kan náà léraléra, ká máa wo bí gbígbóná rẹ̀ ṣe ń gòkè. Á máa gòkè, á máa gòkè. Bó bá kù díẹ̀ kó dé 770, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Iná tó ń wọlé ò dín, ṣùgbọ́n èyí tí yóò gbé e gòkè ní dígírì kan ti ju ìlọ́po 2 ohun tó ń gbà nígbà tó tutù. Níbo ni iná náà ń lọ? Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bí irin náà bá sì ń mu iná lójú kan, ó ní ohun tó ń fi í ṣe.

Àwọn òòfà kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún inú irin, wọ́n jọ kọjú síbì kan, bí èrò ọjọ́ ọdún tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà tí ọba ń gbà bọ̀. Iná ń gbọ̀n wọ́n, ó ń gbọ̀n wọ́n. Bó bá di ojú-ìwọ̀n Curie, kálukú a kọjú síbi tó wù ú. Títú wọn ká ni iná yẹn bá lọ. Ìrẹ́pọ̀ kì í tú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ọmọ.

Ẹ wo òkè tó yí Ìdànrè ká. Kí àwọn baba ńlá wa tó tẹ̀dó sórí rẹ̀, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ni nísàlẹ̀ ilẹ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní hóró dúdú kan tó bá irin tan, magnetite, tí ojú-ìwọ̀n Curie tirẹ̀ jẹ́ 580. Bó bá ti tutù kọjá ibẹ̀, àwọn òòfà inú hóró a jí, wọn a kọjú síbi tí òòfà ilẹ̀ ayé kọjú sí lọ́jọ́ náà, wọn a sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí. Ara irú òkúta báyìí ni àwọn onímọ̀ ti ń kà á pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ti ṣí kúrò ní àyè wọn àtijọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mẹ́tàlì kan wà tó ń jẹ́ gadolinium, ojú-ìwọ̀n tirẹ̀ ò ju bíi 20 lọ! Lọ́sàn-án gangan níhìn-ín, òòfà kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ rí i fà. Ẹ rì í sínú omi yìnyín, ó ti rántí. Lọ́dún 1997, Vitalij Pecharsky àti Karl Gschneidner, ní Ames, ìpínlẹ̀ Iowa, l'Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí nínú àpòpọ̀ gadolinium, silicon àti germanium di mímọ̀. Bí òòfà bá dé bá àpòpọ̀ náà, àwọn kéékèèké inú rẹ̀ a tò, ooru a jáde, omi a gbé ooru náà lọ. Bí òòfà bá kúrò, wọn a tú ká, wọn a sì máa fa ooru láti ara ohun tó wà nítòsí. Agbára rẹ̀ ju ti gadolinium lásán lọ dáadáa.

Fíríìjì nìyẹn, láìní gáàsì nínú. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ṣì ga, àwọn mẹ́tàlì náà ò sì pọ̀ lọ́jà. Èmi ń retí ọjọ́ tí obìnrin tó ń ta ẹja dídì lọ́jà wa yóò fi í tọ́jú ọjà rẹ̀.