Ojú Tí A Ti Ṣe Tún Ṣú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún 2022, iṣẹ́ abẹ méjì ni dókítà ṣe pọ̀ sí ojú ọ̀tún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Kataráàtì tí ń mú ọmọlójú funfun sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ tẹ rẹ́tínà padà, wọ́n yọ kataráàtì, wọ́n fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ń wá owó tó bọ́. Ṣùgbọ́n mo ríran, mo tún ń ka ìwé àwìn mi fúnra mi.

Kò pé ọdún kan tí ìkùukùu fi dé. Iná mọ́tò lálẹ́ a máa fọ́n káàkiri. 3 àti 8 di ọ̀kan náà lójú mi. Mo ní kataráàtì ti padà. Ẹnì kan lọ́jà ní kí n lọ bá bàbá kan tí ń fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé. Ìyàwó mi yarí: “Bàbá Ṣọlá, wọn kò ní fi abẹ́rẹ́ gún yín lójú níṣojú mi!”

Dókítà ní kataráàtì kì í padà. Inú àpò kan báyìí tí ó fẹ́lẹ́ gan-an ni lẹ́ńsì wa wà. Wọn a máa fi ẹ̀yìn àpò náà sílẹ̀ kí ó lè gbé lẹ́ńsì tuntun ró. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣẹ́kù létí rẹ̀ ni ó ń hù, tí ó ń ràn bí koríko, tí àpò fi ń ṣú. Ó wọ́pọ̀ sí i bí a bá ṣe rẹ́tínà pọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Harold Ridley ti fi irú lẹ́ńsì yìí sójú ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949 ni ó ti ń yọ àwọn dókítà lẹ́nu.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ rẹ́tínà mi wò fínnífínní. Lẹ́yìn náà mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ìtànṣán lésà sì lu ihò sáàárín àpò náà. Kò sí abẹ, kò sí ìrora, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní bí mo bá rí ohun tí ń kọ mànà bíi mànàmáná, tàbí òjìji tí ó bò mí lójú bí aṣọ fèrèsé, kí n sáré wá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí rẹ́tínà lè tún ya. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ sára ògiri.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìwé àwìn. Oníbàárà kan tí ó jẹ mí ní náírà 3,000, mo ti gba 8,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá 5,000 padà fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà.