Ṣúgà Inú Ẹ̀kọ Ìṣínu Wa
Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń bu ṣúgà sínú ẹ̀kọ ìṣínu, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ yín. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n mú ìrèké dé Sípéènì; àwọn Pọtogí gbé e dé Bahia, ní Brazil, níbi tí ẹrú ti ń gé e, tí wọ́n sì ń se omi rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ọdún 1800, Yorùbá pọ̀ lára ẹrú ibẹ̀. Malê ni wọ́n ń pe àwọn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí; ta ni kò mọ̀ pé “ìmàle” wa ni? Ní oṣù kìíní ọdún 1835, bí Ramadan ti ń parí lọ, wọ́n dìde ní ìlú Salvador, wọ́n sì fẹ́ bá ẹrú oko ìrèké pawọ́pọ̀. Nǹkan bí 70 ni a pa. Ìwé Lárúbáwá tí a bá lára wọn ṣì wà ní Bahia.