Ṣẹ́ẹ̀fù Ìwé Inú Pálọ̀: Irú Èwo Ni Kí A Kàn, Kí Ni Kí A Sì Tò Sí I?

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó yíyá jókòó ní oṣù tí ó kọjá, ìwé ìbéèrè kan dé iwájú wa. Ìyá kan tí ó ń ta àlùbọ́sà ní Máìlì 12 ni ó ni ín. Nígbà tí a wo ibi tí a ń kọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe sí, ohun tí a bá níbẹ̀ ni: "Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé fún pálọ̀." Ká má parọ́, ẹ̀rín ni a bú sí. Ẹnì kan nínú wa ní, "Kí ìyá lọ fi owó ra ọjà jàre. Ìwé wo ni wọ́n ń kà?" Bàbá alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a ránṣẹ́ pe ìyá náà kí a gbọ́ tẹnu wọn.

Ìyá dé, wọ́n kí wa, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe fáàrí ni mo fẹ́ fi ṣe o." Àgílítì ni wọ́n ń gbé. Ní ọdún 2010, nígbà tí odò Ògùn kún àkúnya, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyàn, omi wọ ilé wọn lóru. Gbogbo ìwé tí ó ṣe pàtàkì ni wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù, tí wọ́n tì bọ abẹ́ ibùsùn: rìsíìtì ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ wọn àgbà, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, àní pásíbúùkù ẹgbẹ́ wa yìí náà. Nígbà tí omi fà, gbogbo rẹ̀ ti di ẹ̀kọ mọ́ ara wọn. Ti pásíbúùkù kò le, nítorí àkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ti ọmọ gba àfídáfíìtì ní kọ́ọ̀tù àti àlọ àbọ̀ tí kò lóǹkà. Ti ilẹ̀ ló burú jù. Olórí ẹbí tí ó ta ilẹ̀ náà ti kú, àwọn tí wọ́n bá nílé ní àwọn kò mọ ohun tó jọ ọ́, àfi kí wọ́n mú rìsíìtì wá. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá san owó rẹ̀.

A dákẹ́. Ojú tì wá díẹ̀. A fi ọwọ́ sí ìwé náà kí wọ́n tó dìde níbẹ̀.

Nítorí pé owó ẹgbẹ́ ni, a kò fẹ́ kí wọ́n lọ fi ra ohun tí kò ní tọ́jọ́. A mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ káfíńtà ní Ìkòsì dání, a yí ká ibi tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀fù. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ìyá alálùbọ́sà nìkan ni ó ń ti ìwé bọ abẹ́ ibùsùn.

Èyí tí ó kún ẹ̀bá títì jù ni ṣẹ́ẹ̀fù olówó pọ́ọ́kú tí ń dán gbinrin. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe igi. Ìyẹ̀fun igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi bébà tí ó jọ igi bò lójú. Ó dára lójú, ó sì fúyẹ́ láti gbé. Ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, á wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Ìṣó tí ó bá yọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ kò gba ìṣó mọ́. Ẹni tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè rà á tí owó kò bá tó. Ẹni tí ń gbé Àgílítì, Máìlì 12 tàbí Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò.

Nínú igi gidi, ipò ju ipò lọ. Ìrókò ni ọ̀gá. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ á bá a, ọmọọmọ á bá a. Apá náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀gánwó dára fún pálọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí ó pọ́n, fáníìṣì sì máa ń hàn lára rẹ̀. Afárá ni àárín méjì. Arère ló pọ̀ lọ́jà, òun ló sì rọrùn fún káfíńtà láti rẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Ẹni tí ó bá lo arère, kí ó rí i pé wọ́n fi oògùn ikán kùn ún tọ̀tún tòsì kí wọ́n tó kan ìṣó kankan mọ́ ọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ kí fáníìṣì tó gun orí rẹ̀. Ẹ dúró tì í o. Ọ̀pọ̀ káfíńtà ni ó máa ń kùn ojú tí ẹ óò rí nìkan, ikán kò sì gba ibi tí ẹ óò rí wọlé. (Káfíńtà tí ó tẹ̀ lé wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ èyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́.)

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í ronú sí ni ìwúwo. Ìwé wúwo ju bí ojú ti rí i lọ. Tí ẹ bá to ìwé kún pákó tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìwúwo rẹ̀ lè súnmọ́ ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì, ìyẹn bíi kílò 25. Ta ni yóò gbé ìlàjì sìmẹ́ǹtì lé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Ìdí nìyẹn tí àárín ṣẹ́ẹ̀fù mìíràn fi ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ kí ọdún tó yípo. Kí pákó nípọn tó íǹṣì 1 tàbí kí ó kù díẹ̀, kí òpó tí ó gbé e dúró má sì jìnnà sí ara wọn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Tí ó bá jẹ́ ti ìyẹ̀fun igi ọjọ́un, kí ó má kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2. Fífẹ̀ íǹṣì 10 tó fún ìwé ọmọ iléèwé. Íǹṣì 12 ni fún fáìlì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kan èyí tí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ìdọ̀tí àti eku ni yóò gba ẹ̀yìn ìwé.

Ní ti ibi tí a óò gbé e sí: kí ó má kan fèrèsé, nítorí oòrùn ń ṣá ìwé, òjò sì ń fọ́n wọlé. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bí ìka méjì jìnnà sí ògiri kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Kí irin kan so orí rẹ̀ mọ́ ògiri, pàápàá nílé tí ọmọ kékeré wà. Ọmọ á gùn ún, àgbà kò ní sí nílé.

Ní ti títò, ó kù sọ́wọ́ onílé, ṣùgbọ́n a ní ohun tí a fẹ́ sọ. Pálọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa, àwo tánganran tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun, ife tí a kò fi mu omi rí, àti òdòdó rọ́bà ló kún ṣẹ́ẹ̀fù. A kò ní kí ẹ kó wọn dà nù. Fọ́tò ìgbéyàwó náà, ẹ gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé gba ibi tí ọwọ́ ọmọ tó. Ẹ kó ìwé wúwo sí ìsàlẹ̀, kí ti àwọn ọmọ wà láàárín, kí Bíbélì tàbí Kùránì wà lókè. Ẹ pa igun kan mọ́ fún fáìlì: rìsíìtì nínú ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí nínú èkejì, ìwé ẹgbẹ́ nínú ẹ̀kẹta. Kí ẹ sì ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo rẹ̀, kí ó wà ní ilé mìíràn.

Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wa bí ṣẹ́ẹ̀fù ṣe bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Kétu àti Ìkòsì wà nígbà náà, ní Ìpín Ìkẹjà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ọmọ àgbẹ̀ gbé Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ wọlé, kò sí ibi tí wọn yóò gbé e sí. Bàbá á wá pákó kan, á gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ó parí. A kò rí àbùkù nínú rẹ̀. Ẹni tí owó kò bá tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí ó bá yá owó.

Ìyá alálùbọ́sà ti gba ṣẹ́ẹ̀fù tiwọn. Afárá ni, káfíńtà wa ló kàn án. Nígbà tí ó fẹ́ wọn ọ̀n, ìyá fi ìlà tí omi ọdún 2010 fi sílẹ̀ hàn án lára ògiri, ó ju orúnkún lọ díẹ̀. Wọ́n ní kí pákó ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìlà yẹn, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹsẹ̀ ṣẹ́ẹ̀fù náà gùn bí ti ẹyẹ lékeléke, àwọn àlejò sì ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò dá wọn lóhùn. Rìsíìtì ilẹ̀, èyí tí wọ́n san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wà lókè pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, pásíbúùkù wa sì wà nínú fáìlì kan náà. Wọ́n ti san owó oṣù àkọ́kọ́ padà.