Páálí Àwo Bàbá Àgbà: Bí A Ṣe Lè Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ páálí la fẹ́ sọ lónìí.

Lóṣù tó kọjá, a lọ tún yàrá bàbá wa àgbà ṣe ní Ìperu. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti bá àpótí kan tó kún fún àwo orin: Haruna Ishola, I.K. Dairo, Ebenezer Obey. Mo ya fọ́tò wọn, mo gbé e sórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti pè mí pé òun fẹ́ rà. Kò béèrè bóyá wọ́n ṣì ń dún. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé páálí wọn wà níbẹ̀? Páálí tiwọn gan-an?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe àwo nìkan ni wọ́n ń ṣe báyìí sí. Àwọn tó ń kó ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà náà máa ń yẹ páálí wò. Ọdún 1957 ni Smith & Wesson bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà dárúkọ oríṣi ìbọn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá ní ìbọn ọdún 1950 lòun ń tà, tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sì wà lára páálí ẹ̀, páálí yẹn kì í ṣe ti ìbọn náà. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin ìbọn ọdún 1959 ò gbà kí aráàlú ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ Ààrẹ, ẹ jẹ́ ká padà sídìí àwo wa.

Mo mú páálí Haruna Ishola kan, mo wo nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde. Star Records ló wà lára ẹ̀. Ọdún 1969 ni Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá Star sílẹ̀, torí náà páálí yìí ò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, owó. Oníṣọ́ọ̀bù ti fi báírò kọ iye ẹ̀ sí igun, náírà àti kọ́bọ̀ ni. January 1973 la kúrò nínú pọ́n-ún àti ṣílè.

Ìkẹta, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó kà pé Ṣágámù, "Western State". February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù lè má tètè pààrọ̀ òǹtẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó jọ pé àárín 1973 sí 1976 ni wọ́n tà á.

Ẹ rántí èyí: àmì tó jẹ́ tuntun jù lára páálí ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Àmì àtijọ́ lè pẹ́ nílẹ̀, àmì tuntun ò lè ṣáájú ọjọ́ ìbí ara ẹ̀.

Ìkẹrin, nọ́ńbà. Èyí tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà láàrin àwo mu. Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀: àwo Obey ló wà nínú páálí Haruna! Ká ní mo ti tà á, irọ́ ni mi ò bá pa láìmọ̀.

Mo pe ìyá àgbà. "Màmá, ta ló pa àwọn nǹkan yìí pọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá yín ni. Tí àríyá bá ti wọ̀ wọ́n lára, páálí tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ń ti àwo bọ̀."

A tú gbogbo àpótí, a sì rí èkejì ẹ̀. Ìgbà tí mo yí páálí náà padà ni mo rí ìkọ̀wé bàbá: "Ìkómọ, 1974." Orúkọ màmá mi wà lábẹ́ ẹ̀.

Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ lè ta ìyókù. Èyí ò sí fún títà."

Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó gbé àpótí ilé yín fún oníbàárà, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, ẹ má sì nu ohun tí wọ́n fi báírò kọ.

Ó dìgbà kan ná o.