Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ Lórí Alùpùpù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n orí alùpùpù ni ó ti yé mi, ní ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, nígbà tí mo gbé ìyá mi sẹ́yìn.

A kò sáré ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. A ti kọjá Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù lára odi ìlú, èrò sì pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń yára jù wá lọ. Ọmọdé kan tí ó ru igbá ata gba iwájú wa kọjá, mo sì dá ọwọ́ iná padà. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, mo rọra yí i. Ẹ̀rọ kò dáhùn. Mo fi díẹ̀ kún un. Lójijì ni alùpùpù fò síwájú bí ewúrẹ́ tí ó já okùn. Ọwọ́ ìyá mi yọ kúrò lára ẹ̀wù mi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá aláṣọ kan tí ó na ọwọ́ gbá a mú léjìká, ẹ̀yìn ni ìbá fi lélẹ̀.

Ìyá mi kò pariwo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní: “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn dé ìsọ̀ mi.” Ó sì fi ẹsẹ̀ rìn, ó gbé ẹrù rẹ̀ lérí, òun tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Fún oṣù kan gbáko ni kò fi gun alùpùpù mi mọ́.

Kíákíá àti jẹ́jẹ́

Ní ilẹ̀ Benin, gbogbo wa ni a mọ zémidjan. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “mú mi kíákíá”. Ní òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí owó oṣù kò sì jáde déédéé mọ́, ni iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́, kí ó tó tàn dé ìlú gbogbo. Orúkọ rẹ̀ yin ìyára. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọjà Kétu, ẹni tí ó bá mọ òpópónà Àjàṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ọ̀nà oníyanrìn tí ó wọ abúlé lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́, yóò jẹ́rìí pé ìrìn jẹ́jẹ́ ni ó ṣòro. Lójú ọ̀nà títọ́, alùpùpù fúnra rẹ̀ ni í dúró ṣinṣin. Láàárín èrò, ọwọ́ ẹni tí ó ń wà á ni ó gbé e dúró. Bí ọwọ́ náà kò bá sì bá ẹ̀rọ mu, aláboyún tí ó wà lẹ́yìn, tàbí ọmọ tí ó jókòó láàárín, ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ti alùpùpù mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Patron, èmi náà sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ju ẹni lọ, ọ̀gá ẹni ni. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ti wúwo jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dá ọwọ́ yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí á bi alùpùpù léèrè ná.”

Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń fà

Ọwọ́ iná, tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní accélérateur, jẹ́ ọ̀pá ike oníhò tí rọ́bà bò. Òrùka kan wà ní ìdí ọ̀pá náà, ara òrùka yìí sì ni orí wáyà rọ̀ mọ́. Bí a bá yí ọwọ́, òrùka á fa wáyà, wáyà á sì gbé ìlẹ̀kùn kékeré kan sókè nínú carburateur, èyí tí Faransé ń pè ní boisseau. Atẹ́gùn á wọlé, epo á bá a wọlé, agbára ẹ̀rọ á sì pọ̀ sí i. Bí a bá jọ̀wọ́ ọwọ́, sìpíríìnì á dá ìlẹ̀kùn náà padà sílẹ̀.

Patron fi ọ̀rọ̀ kan yé mi tí n kò rò rí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí jẹ́jẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ ni ó ń fà. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kùn bá ṣí ní ìwọ̀n kékeré péré, ohun tí ẹ̀rọ lè lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Mìlímítà àkọ́kọ́ ni ó lágbára jù lọ. Bí a bá ti ń lọ sí òpin, mìlímítà kan kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohunkóhun padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ rí nínú ọbẹ̀: èyí tí a kọ́kọ́ bù sí i ni ahọ́n mọ̀ jù. Ẹni tí ó bá sì ń rìn láàárín ọjà, inú àwọn mìlímítà àkọ́kọ́ yìí ni ó ti ń ṣe gbogbo ìrìn rẹ̀.

Kí a má fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá

Mo ti gbọ́ pé a lè pààrọ̀ òrùka ọwọ́ iná kí ó lè rọ̀, mo sì fẹ́ kí ó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Patron mi orí. Ó ní ẹni tí ó bá pààrọ̀ òrùka kí ó tó wo ìyókù, ètè ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Wáyà ni ó kọ́kọ́ wò. Ó yẹ kí ọwọ́ iná lè yí díẹ̀ kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlẹ̀kùn. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ìwọ̀n náà jẹ́ mìlímítà 2 sí 6 ní etí ọwọ́ náà. Tèmi ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Ohun tí ó fà á nìyí tí ẹ̀rọ kò fi dáhùn nígbà tí mo kọ́kọ́ yí i, tí ó sì fò nígbà tí mo fi kún un. Wáyà náà gan-an ti gbẹ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ní orí. Ó fi tuntun sí i, ó sì tọ́ ọ gba ibi tí kò ti ní ká kọ́ńkọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó tú ìkòkò kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ carburateur. Omi àti ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń ra kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ó fọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí jẹ́jẹ́, nítorí pé bí ihò yìí bá dí, ẹ̀rọ á máa kọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ó wá tún ralenti ṣe títí ìró rẹ̀ fi dọ́gba. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré fẹ́ kí ó wà ní nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan.

Ó fi ìka gbé ṣéènì sókè sódò. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí a ń gùn níhìn-ín, mìlímítà 20 sí 30 ni ó yẹ kí ṣéènì lè jó. Tèmi ń jó bí okùn tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ó tú táyà ẹ̀yìn, ó sì fi àwọn rọ́bà tí ó wà láàárín rẹ̀ hàn mí: wọ́n ti jẹ tán. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ìjà ẹ̀rọ mọ́ra kí ó má baà dé ara èrò. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “wáyà tí ó dẹ̀, ṣéènì tí ó dẹ̀, rọ́bà tí ó jẹ: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó para pọ̀ ju Màmá sẹ́yìn.”

Ìṣirò òrùka

Nígbà tí gbogbo èyí parí, alùpùpù ti yàtọ̀ gédégédé. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ṣì le díẹ̀. Ìgbà yìí ni Patron gbà láti bá mi sọ̀rọ̀ òrùka.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Jẹ́ kí á sọ pé láti àárín òrùka dé ibi tí wáyà ń gbà jẹ́ mìlímítà 16. Bí a bá yí ọwọ́ ní dìgírì 90, wáyà á wá ní nǹkan bí mìlímítà 25. Bí a bá yí i ní dìgírì 30 péré, á wá ní mìlímítà 8 àti díẹ̀. Wàyí o, jẹ́ kí á fi òrùka tí ó kéré rọ́pò, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 12. Dìgírì 30 kan náà yóò fa nǹkan bí mìlímítà 6 péré. Ìdámẹ́rin ti dín kúrò. Ọwọ́ kò yí padà, ìwárìrì rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ti kéré sí i.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní owó tirẹ̀. Pẹ̀lú òrùka kékeré yìí, a ní láti yí ọwọ́ tó dìgírì 120 kí ìlẹ̀kùn tó ṣí tán, ọrùn ọwọ́ kò sì ní ìtura níbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tí ń gun alùpùpù nínú igbó àti lórí òkè nílẹ̀ òkèèrè fi ń lo òrùka tí kò rí róbótó: ó kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń tóbi bọ̀ bí ìkarahun ìgbín. Bí dìgírì 30 àkọ́kọ́ bá wà lórí mìlímítà 12, tí ìyókù sì wà lórí 16, dìgírì 97 ni a ó fi ṣí ìlẹ̀kùn tán, dípò 90. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn á rọ̀ bí òwú.

Irú òrùka bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọwọ́ Patron. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá inú àpótí rẹ̀, ó sì rí ọ̀pá alùpùpù mìíràn tí òrùka rẹ̀ kéré díẹ̀ sí tèmi, tí orí wáyà sì bọ́ sí i láìfi ipá ṣe. Ó kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ike òrùka kí ó lè kéré. Ike tí a gbẹ́ lè ṣẹ́, etí rẹ̀ sì lè há wáyà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ iná tí ó bá há nígbà tí ó ṣí sílẹ̀, ikú ni.

Ìdánwò tí a kò gbọdọ̀ fò

Kí ó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ṣe ohun mẹ́rin lójú mi, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń wa zémidjan kí ẹ há a sórí. Ó yí ọwọ́ iná dé òpin, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì padà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìró “kà!”. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kọ́ńkọ́ dojú kọ òsì pátápátá, àti nígbà tí ó dojú kọ ọ̀tún. Ó ṣí ẹnu carburateur láti rí i pé ìlẹ̀kùn ń gòkè tán. Níkẹyìn, ó tan ẹ̀rọ, ó sì yí kọ́ńkọ́ sọ́tùn-ún sósì: ìró ralenti kò gbọdọ̀ gòkè. Bí ó bá gòkè, wáyà ti fún jù nìyẹn, alùpùpù lè sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yà.

Ó wá ní kí n lọ kọ́ ọwọ́ mi pẹ̀lú. Mo lọ sí pápá kan tí kò sí èrò. Mo kọ́ bí a ti ń fi àtàǹpàkò ti ara ìdí ọwọ́ iná kí ọrùn ọwọ́ má baà gbọ̀n. Mo kọ́ bí a ti ń di embrayage mú sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́, kí ẹ̀rọ lè ní ohun tí yóò máa tì. Mo kọ́ láti máa wo ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ẹsẹ̀ táyà. Ní Kétu, tí a ń pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a mọ̀ pé oníjó tí ó mọ̀ ọ́n jó kì í ṣe ẹni tí ó ń fò jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níbi tí ìlù dúró gan-an ni. Àwọn ìyá wa ni a sì ń fi ijó náà yẹ́ sí.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn náà, mo bẹ ìyá mi. Ó wo alùpùpù, ó wò mí, ó sì gun ẹ̀yìn mi. Láti ilé dé ìsọ̀ rẹ̀, iye tí tòmátì dà ni ó ń sọ, àti bí àwọn alágbàtà kò ti ṣe é bá dúnàá-dúrà mọ́. A dúró nígbà méje, a sì tún gbéra nígbà méje. Kò mẹ́nu kan alùpùpù rárá. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó rántí pé n kò mọ ọwọ́ rẹ̀ lára ẹ̀wù mi láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.