Orúkọ Ọmọ Kétu: Ohun tí Ìwé Ìbí Kò Gbà Tán

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Kétu, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè lónìí pé: ilé wo ni à ń wò? Ọmọ tí a bí láàárín wa lè ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan wà nínú ìwé ìbí tí baba rẹ̀ gbà ní mairie. Ọ̀kan wà lẹ́nu ìyá àgbà tí ń fi oríkì jí i ní òwúrọ̀. Ọ̀kan wà nínú ìwé ìjọ tàbí lẹ́nu àlùfáà. Òmíràn sì wà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé wá láti ọ̀run. Nínú gbogbo wọn, èyí tó wà nínú ìwé ìbí nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì mọ̀. Bí a kò bá ṣọ́ra, òun nìkan náà ni àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò mọ̀.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, bá wa wo ohun tí orúkọ ń ṣe, ibi tó ti ń wá, àti bí ó ṣe ń sọnù.

Èyí tí ọmọ gbé wá, èyí tí ilé fún un

Orúkọ àmútọ̀runwá ni èyí tí ipò ọmọ nígbà ìbí rẹ̀ ti sọ kí òbí tó la ẹnu. Ọmọ tí ìwọ́ rọ̀ mọ́ lọ́rùn ń jẹ́ Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Ẹni tó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Ẹni tí irun orí rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Ní ti ìbejì, Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí a gbà pé òun ló rán èkejì pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìdòwú ń tẹ̀lé wọn, Àlàbá ń tẹ̀lé Ìdòwú.

Lára àwọn tí ìtàn Kétu kò lè gbàgbé ni Àlàbá Ìdá, aya ọba tí ìjọba Faransé fi ṣe olórí ìlú láàárín 1911 sí 1917. Kí ènìyàn tó ka ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ìyá rẹ̀ bí ìbejì, ó bí Ìdòwú, kó tó bí i. Ìtàn ìyàrá ìbí kan wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Orúkọ àbísọ ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé. Fagbèmí àti Fátóyìnbó fi hàn pé ilé náà mọ Ifá. Ògúnbíyìí àti Ọdẹ́wálé ń tọ́ka sí ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ilé ọdẹ. Adé nínú orúkọ sábà máa ń tọ́ka sí ìdílé ọba. Ní Kétu, ìdílé márùn-ún ló ń jọba ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Aláàpíni, Mágbó, Àró, Mẹ̀sà àti Mẹ̀fù. Àwọn orúkọ mìíràn ń sọ ìgbà tí ọmọ dé: Abíọ́dún dé nínú ọdún, Abíọ́nà dé ní ojú ọ̀nà, Babátúndé dé lẹ́yìn tí bàbá àgbà ti lọ, Rẹ̀mílẹ́kún dé bá ilé tó ń sunkún.

Ẹkún ló tún bí orúkọ àbíkú. Ìyá tó ti sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta kò lè máa ṣe àṣà nínú orúkọ. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, tàbí kó máa fi ikú ṣẹ̀sín. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́: gbólóhùn tí a sọ sí ọmọ létí ni gbogbo wọn. Kòsọ́kọ́ ń sọ pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú ọmọ. Ẹni tó jẹ́ orúkọ náà kò kú ní kékeré. Ó di ọba Èkó, ó sì wà lórí oyè láti 1845 sí 1851. A kò dá nìkan wà nínú ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ Mòǹgólíà, ní ọ̀nà jíjìn réré, àwọn òbí tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ a máa sọ ọmọ ní Nergüi, èyí tí í ṣe “aláìlórúkọ”, tàbí Enebish, “kì í ṣe èyí”, kí ikú má baà mọ ẹni tí yóò pè.

Oríkì ni ó ṣẹ́kù, èyí tó jẹ́ orúkọ ìkẹ́: Àkànní, Àjàní àti Àlàbí fún ọkùnrin, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjọkẹ́ fún obìnrin. Ẹnu ni a fi ń lò ó, a kì í sábà kọ ọ́. Bí inú ọmọ bá bàjẹ́, oríkì ni a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ohun tí àwọn aládùúgbò wa ń sọ

Ẹ jẹ́ kí á wo àyíká wa. Láàárín àwọn Fọ̀n, ìbejì ọkùnrin ń jẹ́ Zinsou àti Sagbo. Dossou ni ọkùnrin tó tẹ̀lé ìbejì, bí Ìdòwú ti wa. Agossou sì ni ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ wáyé, bí Ìgè. Èdè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ní ìyàrá ìbí kò yàtọ̀.

Ní àríwá, àwọn Bàrìbá ń fi ipò ọmọ nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Orou ni ọkùnrin àkọ́kọ́, Chabi ni èkejì, Bio ni ẹ̀kẹta. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dárúkọ Bio Guéra, akọni tó bá àwọn Faransé jà tí ó sì kú ní 1916, ọmọkùnrin kẹta ni a ń dárúkọ. Ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ń fi ọjọ́ ìbí sọ ọmọ. Kofi ni ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì, Kwame sì ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kofi Annan, tó ṣe akọ̀wé àgbà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni a bí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1938. Ó tún ń jẹ́ Atta, tí í ṣe ìbejì, nítorí òun àti arábìnrin rẹ̀ ni a jọ bí. Irú orúkọ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ Tógò àti gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ìdí nìyí tí Koffi àti Kossi fi pọ̀ láàárín wa.

Àwọn orúkọ tí ẹ̀sìn gbé wá pàápàá ní ìtumọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ́ wọn kò bèèrè rí. Ohun tí Olúwafúnmi ń sọ ni Sènami ń sọ ní èdè Fọ̀n, tí Dieudonné ń sọ ní èdè Faransé, tí Théodore ń sọ láti inú èdè Gíríìkì, tí Nathanaël sì ń sọ láti inú èdè Hébérù: ọmọ ni ẹ̀bùn, ẹnìkan ló fi ta wá lọ́rẹ. Ẹni tó ń jẹ́ Dieudonné kò sá kúrò nílé. Ohun tó yẹ ni kó mọ̀ pé ilé tirẹ̀ náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́.

Orúkọ tó la òkun kọjá

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ni ọ̀rọ̀ orúkọ, kí ó wo ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bùràsílì. Ilé òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé ọmọbìnrin kan láti Kétu ló dá a sílẹ̀, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì jí gbé ní kékeré, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n sì tà sí òkun. Àwọn ará Bùràsílì fún un ní orúkọ ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ tó gbé ti Kétu wá parun: Otampê Ojarô ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí Àró nínú Ojarô, ọ̀kan nínú ìdílé ọba márùn-ún tí a dárúkọ lókè. Ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò ní ìwé kankan. Orúkọ ẹnu rẹ̀ ni ó fi jẹ́rìí ibi tó ti wá, ẹ̀rí náà sì dúró fún ìgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn Candomblé tí wọ́n ń pè ní ti Ketu, ẹni tuntun tí a ṣe lóòṣà a máa gba orúkọ, a ó sì kígbe orúkọ náà sókè níwájú àwùjọ. Orunkó ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà: orúkọ wa kọ́ nìyẹn?

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tún wà ní Freetown àti Havana. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ìjọba ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, àwọn akọ̀wé kọ orúkọ àwọn tí a gbà là sínú ìwé, bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Orúkọ tó lé ní 90,000 ni ó kù títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ọ̀kan lára irú àwọn tí a gbà là bẹ́ẹ̀ ní 1822 ni ọmọ Òṣogùn kan. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Nígbà tó di ẹni ńlá, tó sì wá kí Alákétu ní Kétu ní 1853, Àjàyí tí ó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ṣì wà láàárín orúkọ méjèèjì.

Bí orúkọ ṣe ń sọnù láìkúrò nílé

Àwọn wọ̀nyẹn la òkun kọjá, orúkọ wọn kò sọnù. Ní tiwa, orúkọ lè sọnù níwájú tábìlì akọ̀wé. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìlà pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sí ìhà kejì. Láti ìgbà náà, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ Ajayi ní ìhà ọ̀hún, kó sì jẹ́ Adjayi ní ìhà ibí. Ọwọ́ Faransé sọ ṣ di ch, ó sọ j di dj, ó sọ p di kp, ó sì sọ u di ou. Èyí kò burú fúnra rẹ̀, ìkọ̀wé ni. Ohun tó burú ni pé àmì ohùn ṣubú lọ. Bí a bá rí Odjo nínú ìwé, ṣé Òjó ni, àbí òjò, àbí ọjọ́? Fagbémi lè jẹ́ pé Ifá gbè mí, ó sì lè jẹ́ pé Ifá gbé mi. Ola lè jẹ́ ọlá, ó lè jẹ́ ọlà, ó lè jẹ́ ọ̀la. Baba tó sọ ọmọ lórúkọ mọ èyí tó ń sọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ka ìwé kò mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kejì ni pé ìwé ìjọba sọ orúkọ ẹnìkan di orúkọ ìdílé. Bàbá àgbà kan fi ẹsẹ̀ wáyé, wọ́n sọ ọ́ ní Ìgè; lónìí gbogbo àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìgè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni wọ́n fi wáyé. Àlàbí tí í ṣe oríkì ọkùnrin di orúkọ tí ọmọbìnrin ń kọ sórí ìwé ìdánwò. A kò lè yí èyí padà, ṣùgbọ́n a lè sọ fún ọmọ pé orúkọ ẹni tó ti lọ ni ó ń gbé kiri, kí ó sì mọ ẹni náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé àwa nìkan ni ìjọba ń pàṣẹ orúkọ fún. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, òfin 1803 sọ pé inú kàlẹ́ńdà àti ìtàn àtijọ́ nìkan ni òbí ti lè mú orúkọ ọmọ. Òfin ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1993 ló tó fún àwọn òbí ní òmìnira. Ní Tógò, ní 1974, ìjọba ṣe òdìkejì: ó ní kí wọ́n bọ́ orúkọ Kìrìsìtẹ́nì sílẹ̀, olórí ìlú náà fúnra rẹ̀ sì fi Étienne sílẹ̀, ó di Gnassingbé. Àṣẹ kò sọ orúkọ di tẹni; ìmọ̀ ló ń sọ ọ́ di tẹni. Ẹni tí a fipá mú jẹ́ orúkọ ìbílẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò sàn ju ẹni tí a fipá mú jẹ́ orúkọ àjèjì.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yí ìwé rẹ̀ padà. Ohun tí a ń bẹ̀ kò náni lówó. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bí oyin, iyọ̀, obì àti omi bá ti wà nílẹ̀, kí ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí a kọ gbogbo orúkọ ọmọ sí i pẹ̀lú àmì ohùn; kí a kọ ìtumọ̀ wọn, ẹni tó fún un, àti ìdí tó fi fún un. Kí baba mú ìwé ìbí tirẹ̀ lọ sí mairie, kí ó fi lẹ́tà ibẹ̀ kọ ti ọmọ, kí baba àti ọmọ má baà jẹ́ orúkọ méjì níwájú òfin. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ jókòó ti ìyá àgbà yín nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ki yín, nítorí lẹ́tà kò lè gbé ohùn oríkì.

Ọmọbìnrin Àró nì kò ní ìwé, kò sì ní fóònù. Orúkọ kan ṣoṣo ló mú dání, ó sì tó fún un láti fi ilé hàn àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa tí a wà nílé, tí a ní ìwé, tí àwọn àgbà ṣì wà níwájú wa, kí ni a ó sọ pé ó dí wa lọ́wọ́?