Bí A Bá Gbọ́ Òórùn Gáàsì Nínú Ilé



Nínú oṣù ààwẹ̀, ní nǹkan bí aago 4 ìdájí, oorun ṣì máa ń wà lójú ọ̀pọ̀ wa tí a ó fi wọ ilé ìdáná lọ gbé oúnjẹ sààrì kaná. Ṣúìṣì iná ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Bí gáàsì bá ti ń jò láti òru, ṣúìṣì yẹn gan-an lè dá iná ńlá sílẹ̀. Kí imú wa máa ṣíwájú ọwọ́ wa.

Gáàsì ìdáná kò ní òórùn tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń fi èròjà kan sí i kí ó lè máa rùn, kí á lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń kóra jọ sí, lábẹ́ tábìlì àti ní kọ̀rọ̀. Bó bá sì pẹ́, òórùn náà máa ń mọ́ imú lára. Pé a kò gbọ́ ọ mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti tán.

Bí a bá ti fura:

1. Ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn. Ẹ má ṣáná, ẹ má lo fóònù níbẹ̀.
2. Bí kò bá léwu, ẹ yí orí sílíńdà sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi dì.
3. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀.
4. Ẹ kó gbogbo ará ilé jáde. Ẹ sọ fún aládùúgbò kí wọ́n má dáná, kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀.
5. Bí ẹ bá ti jìnnà, ẹ pe 112. Ní Èkó, ẹ lè pe 767. Ẹ má padà wọlé nítorí owó tàbí ẹrù.

Ẹni tí gáàsì mú kí òòyì máa kọ́, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì gbà wọlé, kì í ṣe ikùn. Ohun mímu sì lè ṣì ọ̀nà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń dà. Afẹ́fẹ́ ìta ló nílò. Bó bá dákú tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ní ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dára, ẹ fi omi ọṣẹ pa orí sílíńdà àti rọ́bà rẹ̀: ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láéláé. Lálaalẹ́, ẹ pa orí sílíńdà, kì í ṣe sítóòfù nìkan.

Gbígbára lé Ọlọ́hun kò ní kí á má ṣọ́ra. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ilé wa. Àmín.